Ẹ̀rù àti Ẹ̀rín Lójú Òǹwòran: Láti Ọba Mọ́rọ̀ dé Ọ̀run Móoru

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, Aláàfin Abípa ni wọ́n ń pè ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin. Nígbà tí ọba yìí pinnu láti kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ ṣí lọ rán àwọn abuké, àfín àti àwọn abirùn mìíràn lọ sórí òkè, kí wọ́n máa ṣe bí iwin lóru. Ẹ̀rù ba àwọn tí ọba kọ́kọ́ rán lọ. Nígbà tí àṣírí tú, ọba ní kí wọ́n mú àwọn iwin náà. Joel Adédẹjì, onímọ̀ ìtàn eré orí ìtàgé, so ìtàn yìí pọ̀ mọ́ orísun eré Alárìnjò: àwọn tó ń dẹ́rù bani di ẹni tó ń dá ọba lára yá.

Ọ̀nà tí ẹ̀rù gbà di eré yìí ló la ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún sinimá Yorùbá. Ní 1979, Ọlá Balógun darí Ayé, fíìmù tí Hubert Ògúndé mú jáde láti inú eré orí ìtàgé rẹ̀. Àwọn àjẹ́ ni ọ̀tá inú rẹ̀, Ògúndé fúnra rẹ̀ sì ni Ọ̀ṣẹ́túrá tó dojú kọ wọ́n. Kámẹ́rà fi ohun tí ìtàgé kò lè fi hàn dáadáa hàn: ènìyàn ń pòórá, ènìyàn ń pa ara dà. Lójú ọ̀pọ̀ òǹwòran, èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ nílé ni ojú wọn wá rí.

Ní 1982, Balógun kan náà darí Ọ̀run Móoru fún Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá. Gbájú-ẹ̀ tó ṣèlérí owó rẹpẹtẹ sọ oníṣòwò kan di òtòṣì. Ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Ikú, Ikú ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ni láti ka ẹ̀rín yẹn sí àìgbàgbọ́. Ẹni tí kò gba Ikú gbọ́ kò lè rí ohun ẹ̀rín nínú Ikú tó ń lé àlejò padà sílé. Lọ́dún yẹn kan náà, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìjọba Shàgàrí sì ti ṣòfin ìṣúnwó-ná. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín.

Lẹ́yìn náà ni ibi tó burú jù wá. Nígbà náà, olówó fíìmù máa ń gbé fíìmù rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àwọn kan jí Ọ̀run Móoru dà kọ sórí fídíò, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì bo Ọláìyá mọ́lẹ̀. Ẹni tó jókòó ti fídíò jíjí náà ń fi oníṣòwò tí wọ́n lù ní jìbìtì rẹ́rìn-ín, láìmọ̀ pé ẹ̀rín òun gan-an ń sọ òṣèré náà di òtòṣì.

Síbẹ̀, ẹ̀bi náà kò rọrùn láti pín. Ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ni ẹ̀rọ sinimá, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn òṣèré ń gbà. Fún àwọn ìlú etí omi Ìlàjẹ bíi Zion Pepe, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ẹsẹ̀ ìrìnnà, kásẹ́ẹ̀tì kan nínú àpò rọrùn láti gbé ju gbogbo ẹrù wọ̀nyẹn lọ. Fídíò sọ òǹwòran di púpọ̀, ó sì já okùn tó so ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ oúnjẹ òṣèré. Nínú ìtàn Ọba Mọ́rọ̀, àwọn iwin tí àṣírí wọn tú rí ààfin tó gbà wọ́n. Bàbá Sàlá kò rí ààfin kankan.