Láti Ìdí Pérégún dé Orí Ìmọ́lẹ̀: Ìtàn Ilẹ̀ Wíwọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ Ìpọ̀nrí nílé àti lẹ́yìn odi, bí a ti ń sọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ìlú wa, ó yẹ kí a rántí ọ̀rọ̀ ààlà, nítorí ilẹ̀ ni ogún tí kì í kú.

Ní ayé àtijọ́, pérégún, igi àti odò ni àwọn baba wa fi ń pààlà oko. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, ẹ̀wọ̀n irin ni àwọn awọnlẹ̀ ń lò. Edmund Gunter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé e jáde ní 1620. Ẹsẹ̀ bàtà 66 ni gígùn rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n 80 sì ni máìlì kan. Herbert Macaulay, tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Plymouth ní 1890, ṣe awọnlẹ̀ fún ìjọba ní Èkó láti 1893 títí di 1898. Iṣẹ́ agbára ni iṣẹ́ náà: oòrùn a máa mú kí ẹ̀wọ̀n gùn sí i díẹ̀, kò sì rọrùn láti nà án tààrà lórí àbàtà.

Ní 1960, Theodore Maiman ṣe ẹ̀rọ lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ìmọ́lẹ̀ tí kì í fọ́n káàkiri ni lésà. Awọnlẹ̀ yóò gbé ẹ̀rọ sórí òpó ààlà kan, yóò sì gbé dígí sórí èkejì; ìmọ́lẹ̀ yóò lọ, yóò sì padà bọ̀. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rin mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ náà yóò fi àkókò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ṣírò ọ̀nà náà. Irú dígí bẹ́ẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sórí òṣùpá ní 1969, ni a ṣì fi ń wọn bí òṣùpá ti jìnnà sí wa tó.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Lésà lè sọ bí òpó kan ti jìnnà sí èkejì. Kò lè sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ àárín wọn. Ní 1920, Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ní 1921, Olóyè náà jàre níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba. Kì í ṣe gígùn ilẹ̀ ni wọ́n jà lé lórí, bí kò ṣe ẹ̀tọ́ tí àwọn onílẹ̀ ní lábẹ́ àṣà wa.

Láti 1955 tí ìgbìmọ̀ L.E.D.B. ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará àárín Èkó wá sí Sùúrùlérè, ilé àti òpópónà ti gba ipò pérégún ní agbègbè wa. Àwọn àgbà tí ó mọ ibi tí pérégún wà sì ń dín kù.

Nítorí náà, mo bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kí àgbà àti awọnlẹ̀ jọ rin ààlà ilẹ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun.