Láti Ẹnu dé Ìwé: Ẹjọ́ Ìpalára ní Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, láti Ààfin Ọ̀yọ́ títí di Òní

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí ẹnìkan bá pa ẹlòmíràn lára nítorí pé kò kíyè sára, tí ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ sì ti dá ẹjọ́ náà, kí ni ilé ẹjọ́ tí ó wà lókè rẹ̀ lè gbọ́, kí sì ni kò lè gbọ́ mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi iná oko ṣe àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ kan dáná sun igbó ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbé iná náà, ó sì jó iṣu aládùúgbò rẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n iṣu ti jóná. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ̀ baálé ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ olórí ìlú. Bí ó bá jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìdájọ́ Baálẹ̀ (bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ipò Ṣọ̀ún nígbà náà) kò bá tẹ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́rùn, Ọ̀yọ́ ni ó kù. Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé Ọ̀nà Ẹfà ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ tí a bá gbé wá sí olú-ìlú nígbà tí Aláàfin kò bá jókòó fúnra rẹ̀, àti pé ìdájọ́ rẹ̀ dàbí ìdájọ́ ọba.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí wa nínú ètò yìí ni pé kò sí àkọsílẹ̀. Nítorí náà ẹjọ́ kò lè gòkè àfi kí a tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ gbé ẹnu rẹ̀ wá, olùjẹ́jọ́ gbé tirẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí sì tẹ̀ lé wọn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó gbàgbé láti sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kí a tó ṣáná lè rántí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Èmi kò sọ pé ètò náà kò ní àbùkù. Ọ̀nà jìn, ẹni tí kò ní alágbàwí láàfin kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé a óò tètè dá òun lóhùn.

Ní 1914 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tuntun nípa ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ àti ilé ẹjọ́ ẹkùn. Captain W. A. Ross, ajẹ́lẹ̀ àgbà Ẹkùn Ọ̀yọ́ láti 1914 di 1931, ni ó ń ṣàkóso, òun kan náà ni ó sì ń ṣe adájọ́ nínú ilé ẹjọ́ ẹkùn, níbi tí a kò ti gba lọ́yà láyè. Nígbà tí Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, àwọn ilé ẹjọ́ tuntun yìí wà lára ohun tí inú ń bí àwọn ènìyàn sí. Ní 1933 ni a pa ilé ẹjọ́ ẹkùn rẹ́, tí lọ́yà rí àyè wọlé. Láti ìgbà náà, ẹjọ́ lè gòkè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kí ó sì tibẹ̀ dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1963 ni a já okùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1976 ni a dá ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìbàdàn ń gbọ́ ẹjọ́ tiwa.

Ìwé ni ó ń rìn ìrìn àjò yìí. Ẹni tí ẹjọ́ náà kàn lè má kúrò nílé.

Bí ilé ẹjọ́ òkè ṣe lè pinnu òfin láìgbọ́ ẹlẹ́rìí rárá hàn gbangba nínú ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀. Ní 1928, ní Paisley ní Scotland, obìnrin kan sọ pé òun rí ìgbín jíjẹrà nínú ìgò ohun mímu tí ọ̀rẹ́ òun rà fún òun. (Àwa tí ìgbín jẹ́ ẹran ọbẹ̀ fún lè rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n jíjẹrà ni ti ibẹ̀.) Ní 1932, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù fi ohùn 3 borí 2, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́, ẹni tí ó ṣe ohun mímu náà jẹ ẹ́ ní gbèsè ìṣọ́ra bí wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn dúnàá dúrà. Kò sí ilé ẹjọ́ kan tí ó wádìí bóyá ìgbín wà nínú ìgò náà ní tòótọ́. Ní Nàìjíríà ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá obìnrin kan láre tí fíríìjì oníkẹrosíìnì tí ó rà bú gbàù. Ti ìyẹn, ẹ̀rí wà nílẹ̀ láti ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́.

Ìlànà àwọn ilé ẹjọ́ wọ̀nyí ni pé adájọ́ àkọ́kọ́ ni ó rí ẹlẹ́rìí, òun ni ó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Mogaji àti Odofin ní 1978, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí adájọ́ gbé ẹ̀rí ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n inú ọkàn kí ó tó sọ èyí tí ó tẹ̀wọ̀n jù. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ dáradára, àwọn adájọ́ mẹ́ta tí ó jókòó ní Ìbàdàn kì í fọwọ́ kàn án. Bí ilé ẹjọ́ méjì bá sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ti òkè pátápátá kì í yí i padà àfi bí ó bá lòdì gan-an sí ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bóyá ẹlẹ́rìí ń parọ́, ojú ni a fi ń rí i. Ohun tí ọ̀rọ̀ tí a ti gbà gbọ́ túmọ̀ sí, ìyẹn bóyá awakọ̀ tí ó ṣe báyìí ṣe àìbìkítà tàbí kò ṣe é, ìrònú ni a fi ń mọ̀ ọ́n, adájọ́ òkè sì lè ronú bí ti ìsàlẹ̀. Ká sọ pé bọ́ọ̀sì kan yí gbirigbiri ní òpópó Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó ń sùn nínú rẹ̀ sì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò lè sọ ohun tí awakọ̀ ṣe. Òfin gbà fún un láti sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń sọ ara rẹ̀, kí awakọ̀ wá ṣàlàyé. Bóyá àlàyé awakọ̀ tó, ìtumọ̀ ni; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdájọ́ ti ń yí padà lókè. Ti owó gbà-máà-bínú kò rọrùn bẹ́ẹ̀: a kì í yí i padà àfi bí adájọ́ bá tẹ̀ lé ìlànà tí kò tọ́, tàbí tí iye náà bá pọ̀ jù tàbí kéré jù rékọjá ààlà.

Oṣù mẹ́ta ni òfin fún ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn kò tẹ́ lọ́rùn láti pe ẹjọ́ sókè. Kì í sábà ṣeé ṣe fún un láti mú ẹ̀rí tuntun wá, ohun tí lọ́yà rẹ̀ kò sì kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́, bí eré àsápajúdé tàbí bíréèkì tí kò mú, a kì í kà á sí.

Èdè ni ó ń kọ mí lóminú jù. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, èdè tí olùpẹ̀jọ́ fi sunkún ni adájọ́ fi gbọ́. Nínú ilé ẹjọ́ gíga ti òde òní, ẹlẹ́rìí lè sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni ó ń gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni adájọ́ ń kọ sílẹ̀. Bí ìyá kan bá ní "ọkọ̀ náà ń sáré bọ̀," ṣé ohun tí ó fẹ́ sọ ni pé ó ń bọ̀ kíákíá, tàbí pé ó ti kọjá ìwọ̀n? Bí ó bá ní "wọ́n kọlu ara wọn," ògbufọ̀ lè sọ ọ́ di pé ọ̀kan ni ó kọlu èkejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹnìkan lọ sí ọrùn ẹlòmíràn, àwọn adájọ́ mẹ́ta tí yóò kà á ní Ìbàdàn kò sì ní gbọ́ ohun tí ìyá náà sọ lẹ́nu ara rẹ̀.