Ọrun Ishi àti Ọfà Tó Bá A Mu

Tí òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ ọrun, agbára ló sábà máa fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọrun ogun inú ọkọ̀ Mary Rose, tó rì ní etíkun Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1545 tí wọ́n sì gbé jáde lọ́dún 1982. Wọ́n ṣírò pé ẹni tó bá fẹ́ fa ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò lo agbára tó lè gbé ẹrù tó ju 100 pọ́n-ùn lọ. Ẹ wá gbé ọrun Ishi, ọdẹ ará Kalifọ́níà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: bíi 45 péré. Ni àwọn kan bá ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Èmi ò gbà. Mo bá yín jiyàn lórí ẹ̀ ní kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn kan nínú yín á rántí.

Ta ni Ishi? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1911 ni wọ́n rí i nítòsí ìlú Oroville. Ó ti rù kan egungun. Òun nìkan ló kù nínú àwọn Yahi. Láti ìgbà tí àwọn awagóòlù ti ya wọ Kalifọ́níà lẹ́yìn ọdún 1848 ni wọ́n ti ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ bí ẹni pa ẹran. Díẹ̀ tó ṣẹ́kù sá pamọ́ sí àgbègbè Deer Creek fún bí 40 ọdún. Ishi gan-an kì í ṣe orúkọ rẹ̀. “Ọkùnrin” ló túmọ̀ sí lédè wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n Alfred Kroeber ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, kò sọ ọ́ fún wọn títí tó fi kú.

Yunifásítì Kalifọ́níà fi í sí mùsíọ́mù wọn ní San Francisco. Saxton Pope, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilé ìwòsàn yunifásítì náà, di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì kọ́ iṣẹ́ ọrun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí Pope kọ sílẹ̀ ni mo gbára lé jù níbí.

Ọrun náà kúrú, kò tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Igi juniper ni, wọ́n lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àmọ́ ara ọfà gan-an ni ọgbọ́n wà. Ẹ̀ka hazel tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ishi máa ń gé. Á dì í, á jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà á yá a lórí ẹyin iná, á sì máa fi ọwọ́ tẹ ibi tó bá wọ́ títí á fi tọ́. Kì í ṣe igi kígi o! Bí ọsán bá ti ta ọfà, ọfà á kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀ kó tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrun kọjá. Tí igi rẹ̀ bá le jù, ọrun tí kò lágbára ò ní lè tẹ̀ ẹ́, ọfà á sì yà kúrò lójú ibi tí ọdẹ fẹ́. Tó bá rọ̀ jù, á máa gbọ̀n lójú ọ̀nà, agbára á sì ṣòfò. Ọfà tó bá ọrun Mary Rose mu, ẹ má gbé e lé ti Ishi.

Ìwọ̀n tún ńkọ́? Ọfà tó fúyẹ́ máa ń yára, àmọ́ bó bá ti kan ẹran, agbára rẹ̀ á tètè tán. Èyí tó wúwo díẹ̀ kì í lọ jìnnà, ṣùgbọ́n bó bá wọlé, kì í tètè dúró. Ishi máa ń fi igi kúkúrú tó wúwo sórí àwọn ọfà rẹ̀ kan, kí iwájú lè wúwo ju ẹ̀yìn lọ, á sì so ìyẹ́ 3 mọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹnu ọfà wá ni ibi tí mo fẹ́ràn jù. Obsidian ló ń lò, òkúta dúdú tó ń dán bíi dígí, tó ń wá láti ara òkè oníná. Pope ta awọ àgbọ̀nrín bo àpótí tó kún fún ẹ̀dọ̀ màlúù, ó wá ta ọfà onírin àti ọfà olókùúta sí i. Èyí tó jẹ́ òkúta ló wọlé jìnnà jù. Àbí ẹ rí i? Ọrun tí kò lágbára, ẹnu tó mú ló fi ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ẹran, kì í ṣe ìkọlù.

Ishi kì í sì í ta ọfà lókèèrè. Á yé fín tábà, kò ní jẹ ẹja, á wẹ̀, á fi ewé olóòórùn pa ara. Á wá fi ètè àti ìka ṣe bí ehoro tó wà nínú ìrora, kí ẹran fúnra rẹ̀ lè súnmọ́ ọn. Àwọn San ní gúúsù Áfíríkà, tí ọrun tiwọn tún rọ̀ ju èyí lọ, gba ọ̀nà mìíràn: oró inú ìdin kòkòrò kan ni wọ́n ń fi kun ọfà, wọ́n á sì tọ ipa ẹran náà lẹ́yìn títí tó fi ṣubú.

Èrò tèmi ni pé ọrun yẹn bá ìgbésí ayé àwọn Yahi mu gan-an. Ẹni tó ń sá pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ pa á, ṣé ó lè máa yìnbọn? Ọrun kúkúrú ò há sí igbó, kò sì pariwo.

Pope fúnra rẹ̀ padà lọ sórí ọrun tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1920, òun àti Arthur Young fi irú rẹ̀ pa béárì grizzly ní Yellowstone. Ishi ò sí láyé nígbà yẹn. Ikọ́ ife ló pa á, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1916. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọrun kan àti ọfà 5 sínú pósí tì í.