Ọ̀bẹ Kì í Mú Kó Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Àwọn baba wa ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí bá àwọn òṣìṣẹ́ tíátà ilé ìwòsàn mu: dókítà oníṣẹ́-abẹ, nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun. Ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá tó wà ní Kaduna ló ní ọmọ tàbí àna lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí a kọ ìtàn wọn sílẹ̀ kó tó di ohun ìgbàgbé.

Ẹ̀rù ti wà lọ́kàn wọn nílẹ̀ Àríwá kí Kòrónà tó dé. Ní 1969, ibà Lásà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Lassa ní Borno, nọ́ọ̀sì méjì sì bá a lọ. Ní 1970, Dókítà Jeanette Troup fi abẹ gé ara rẹ̀ ní Jos níbi tó ti ń yẹ òkú ẹni tí àrùn náà pa wò. Òun náà kú. Ní oṣù kìíní 2020, ibà yìí kan náà pa dókítà méjì ní Kano lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ aboyún kan.

Oṣù kejì ọdún náà ni Kòrónà wọ Nàìjíríà. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù kẹta, Gómìnà El-Rufai kéde pé òun ti kó o. Ìjọba ti Kaduna pa títí wọ oṣù kẹfà.

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ tó lè dúró síwájú. Ṣùgbọ́n aboyún tí ọmọ há sí nínú kò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí mọ́tò kọlù. Èsì àyẹ̀wò kì í tètè dé, nítorí náà wọn kò mọ ẹni tó ní àrùn lára àwọn tí wọ́n ń là. Ẹni tó ń ki rọ́bà bọ aláìsàn lọ́nà ọ̀fun ló súnmọ́ èémí rẹ̀ jù. Wọ́n ṣe gbogbo èyí nínú ooru oṣù kẹrin, pẹ̀lú ìbòmú àti aṣọ tí kò gba atẹ́gùn. Bí wọ́n bá délé, ẹ̀rù á tún máa bà wọ́n láti gbé ọmọ wọn mọ́ra.

Gbogbo ayé pè wọ́n ní akọni. Oyè yìí dára, ṣùgbọ́n ó di wọ́n lẹ́nu, nítorí akọni kì í sọ pé òun ò rí oorun sùn. Àwa ará ilé náà jẹ̀bi. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Barnawa, kíá la ó ti máa pè é ní wèrè. Òfin àtijọ́ tí òyìnbó fi sílẹ̀ náà kò pè é ní ohun tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Òfin ti yí padà; ó ku ahọ́n wa. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti ẹnu iṣẹ́ dé tí kò fọhùn, ẹ bi í léèrè. Bó bá sì ní òun fẹ́ rí dókítà ọpọlọ, ẹ bá a lọ, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí irú ọdún bẹ́ẹ̀ tún padà wá. Àmín.