Jíìnì Tí A Pa Lẹ́nu Mọ́: Ẹsẹ̀ àti Ìyẹ́ Lára Kantíkantí

Kò sí alátẹ èso lọ́jà Ìkòtún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí kò mọ kantíkantí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀pẹ̀yìnbó tó bá ti pọ́n jù ni wọ́n máa ń rọ́ bò. Oríṣiríṣi ni wọ́n (àwọn kan tiẹ̀ ní ìlà funfun lẹ́yìn), ṣùgbọ́n Drosophila melanogaster ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ọmọ Áfíríkà ni. Ẹ̀rí fi hàn pé agbègbè Sámbíà àti Sìmbábúè ló ti ṣẹ̀, kó tó bá ènìyàn tàn ká ayé. Láti ìgbà iṣẹ́ Thomas Hunt Morgan ní New York ní 1910 ló ti di gbajúmọ̀ nínú ìmọ̀ ìjogún. Ní ẹ̀ka Biochemistry Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n ti fi í ṣèwádìí májèlé. Nínú ìgò tó wà ní ìwọ̀n ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà. Tí ooru bá kọjá 30, bó ṣe máa ń rí l'Ékòó, akọ lè yàgàn.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, gbogbo wọn sì wà lábẹ́ àyà. Èèyàn lè rò pé ikùn kò ní ohun tí a fi ń ṣe ẹsẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jíìnì Distal-less wà lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹsẹ̀ nínú ọlẹ̀. Ní 1992, Vachon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé purotéènì Ultrabithorax àti ti abdominal-A máa ń so mọ́ abala DNA tó ń darí Distal-less, wọ́n á sì pa á lẹ́nu mọ́ nínú ikùn. Mú àwọn méjèèjì kúrò, ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ á yọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ikùn lè hu ẹsẹ̀ tipẹ́; wọn kò kàn gbà fún un ni. Ultrabithorax kì í sì í dá iṣẹ́ yìí ṣe. Gebelein, McKay àti Mann kọ ọ́ ní 2004 pé ó ń bá àwọn purotéènì mìíràn, Extradenticle àti Homothorax, dọ́wọ́ pọ̀, Engrailed á ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn ìpín ara kọ̀ọ̀kan, Sloppy-paired ní iwájú rẹ̀.

Ti ìyẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Méjì ni, kùkùté kékeré méjì sì wà lẹ́yìn wọn tí kò ní jẹ́ kó ṣubú bó bá ń fò. Ultrabithorax ni kò jẹ́ kí kùkùté náà di ìyẹ́. Calvin Bridges rí ìyípadà bithorax, tó kan jíìnì yìí, ní 1915. Edward Lewis wá kó irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ jọ títí kantíkantí oníyẹ̀ẹ́ mẹ́rin fi jáde. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1995, pẹ̀lú Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus.

Ìyàwó Edward Lewis, Pamela Lewis, ló rí ìyípadà Polycomb ní 1947, n kò sì rò pé a máa ń dárúkọ rẹ̀ tó. Akọ kantíkantí ní irun líle bí òòyà lẹ́sẹ̀ iwájú, tó fi ń di abo mú. Àwọn tí Polycomb wọn bàjẹ́ ní òòyà yìí lẹ́sẹ̀ kejì àti ìkẹta, bí ẹni pé gbogbo ẹsẹ̀ fẹ́ di ti iwájú. Polycomb kọ́ ló ń kọ́kọ́ pa jíìnì lẹ́nu mọ́. Àwọn purotéènì mìíràn ló ń ṣe ìyẹn ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a yé ẹyin, wọn kì í sì í pẹ́ tán. Àwọn ẹgbẹ́ Polycomb ló ń fi àmì sí histone, purotéènì tí DNA wé mọ́, kí jíìnì náà má bàa lanu mọ́, bí sẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ ń pín léraléra títí ìdin fi di àgbà.

Ká padà sórí ẹsẹ̀ ikùn. Ní 2002, Ronshaugen, McGinnis àti McGinnis gbé Ultrabithorax ti Artemia, ẹ̀yà edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, sínú ọlẹ̀ kantíkantí. Kò lè pa Distal-less lẹ́nu mọ́ dáadáa. Wọ́n yí serine àti threonine, méjì lára àwọn ẹ̀yọ tí a fi ń kọ́ purotéènì, tó wà ní ìparí purotéènì náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́ bíi ti kòkòrò.