Oníbodè Inú Ẹ̀rọ: Ìtàn Àkọsílẹ̀ Àwọn Tí Ń Wọlé Sórí Kọ̀ǹpútà

Láyé àtijọ́, àwọn ìlú olódi nílẹ̀ Yorùbá ní oníbodè. Owó ibodè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í síbẹ̀ kí ó máa gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tí ń wọlé kò lè ṣàì mọ ẹni tí ó wọlé. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹ̀dá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tí ń wọ inú ẹ̀rọ sílẹ̀, ìṣirò owó àti àkókò ni ó wà lọ́kàn wọn ju olè lọ.

Ní ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún wọ́n bí ojú, nítorí náà wọ́n ń pín àkókò fún oníkálukú, wọ́n sì ń ka iye tí ó lò. Olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń wọlé. Lórí ètò yìí kan náà ni Tom Van Vleck àti Noel Morris ti ṣe ètò lẹ́tà ní ọdún 1965, tí ẹnì kan fi lè fi ìwé sílẹ̀ de ẹlòmíràn nínú ẹ̀rọ. Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie sì ṣe ètò Unix, ìwé atọ́nà rẹ̀ ti ọdún 1971 mẹ́nu ba fáìlì kan tí ń jẹ́ wtmp. Orúkọ ẹni tí ó wọlé, ojú ọ̀nà tí ó gbà, àkókò tí ó dé àti èyí tí ó lọ: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ káàdì baba alájọ ti mọ irú ìwé tí à ń wí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Eric Allman ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley ṣe sendmail, ètò tí ń pín lẹ́tà láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ó fún un ní akọ̀wé, èyí tí ń jẹ́ syslog, kí ó máa kọ lẹ́tà tí ó bá kọjá sílẹ̀. Akọ̀wé náà mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ètò mìíràn fi yá a lò, a kò sì tíì dá a padà títí di òní.

Lórí òkè tí ó wà lókè yunifásítì yìí kan náà ni ilé ìwádìí Lawrence Berkeley wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1986, wọ́n ní kí Clifford Stoll, onímọ̀ ìràwọ̀ tí owó ìwádìí rẹ̀ ti tán, wá ìdí tí ìṣirò owó kọ̀ǹpútà wọn fi yàtọ̀ pẹ̀lú sẹ́ǹtì márùndínlọ́gọ́rin. Owó náà kò tó dọ́là kan! Ẹlòmíràn ì bá yọ ọ́ nínú àpò ara rẹ̀ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Stoll kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé ẹnì kan tí ń jẹ́ Hunter ti lo ẹ̀rọ náà, kò sì sí ẹni tí a óò gbé gbèsè rẹ̀ fún. Wọ́n pa orúkọ Hunter rẹ́. Kò pẹ́ tí orúkọ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ni orúkọ náà wà ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.

Ibo ni àlejò yìí gbà wọlé? Ọ̀dọ̀ alágbàtà lẹ́tà ni. Ètò kékeré kan wà tí ń jẹ́ movemail, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé lẹ́tà láti ibi tí ó balẹ̀ sí lọ sínú àpótí ẹni tí ó ni ín. Wọ́n ti fún un ní àṣẹ baálé ilé, kò sì ń béèrè ohun tí ó ń gbé tàbí ibi tí ó ń gbé e lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àlejò náà ní kí movemail bá òun gbé ètò òun sí ipò ọ̀kan tí ẹ̀rọ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Nígbà tí àsìkò tó, ẹ̀rọ ṣe é, àlejò di baálé. Ẹyẹ kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹlòmíràn. Orúkọ ẹyin ẹyẹ yìí ni Stoll fi sọ ìwé rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n ọkùnrin yìí ti hàn jù ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí. Ẹni tí ó di baálé lè pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ nínú wtmp, ó sì lè ka lẹ́tà tí àwọn onílé ń kọ síra wọn nípa rẹ̀. Nítorí náà, Stoll gbé àkọsílẹ̀ kúrò nínú ilé. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, ó yá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé káàkiri ọ́fíìsì, ó so wọ́n mọ́ àádọ́ta ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà wọlé, ó sì sùn tì wọ́n. Ohun gbogbo tí àlejò tẹ̀ ni ó jáde sórí bébà, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè rí. Òótọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ olóòótọ́ náà ń gba àwọn ojú ọ̀nà wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ olè ní ẹnu ọ̀nà yóò rí ará ilé pẹ̀lú, èyí kò sì yẹ kí a gbàgbé.

Ó fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, FBI. Wọ́n béèrè iye tí ó sọnù. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé sẹ́ǹtì ni, wọn kò dá a lóhùn. Stoll kò dẹ̀yìn. Ipa àlejò náà gba Virginia kọjá, ó sì dé Jámánì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ní láti fi ọwọ́ tọ wáyà láti ìdí dé ìdí. Kò sì tíì ká wọn mọ́ ibì kan tí àlejò yóò ti jáde. Nítorí náà, wọ́n kó fáìlì irọ́ jọ nípa ohun ìjà òfurufú, kí olè lè jókòó kà á pẹ́. Ó jókòó. Ipa rẹ̀ já sí Hannover, sí ilé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Markus Hess. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Stoll tẹ ìtàn náà jáde ní ṣókí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1988, ó sì sọ ọ́ di ìwé ní ọdún 1989. Ní oṣù Kejì ọdún 1990, ilé ẹjọ́ ní Jámánì dá Hess àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lẹ́bi pé wọ́n ta ohun tí wọ́n rí fún àwọn amí KGB ti Soviet. Ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ dá fún wọn jẹ́ irú èyí tí wọn kò ní lọ bí wọ́n bá tọwọ́ ọmọ wọn bọṣọ.