Àáké Tomahawk nínú Ìtàn Amẹ́ríkà Àríwá: Igi Ìdáná, Ogun àti Orúkọ

Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ìtumọ̀ èdè kò ní ṣàì ti bá ọ̀rọ̀ náà tomahawk pàdé nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì ti kọ 'àáké' sílẹ̀ fún un nígbà tí kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi pamọ́ pọ̀. Lójú ẹni tí ń wo sinimá, ohun tí jagunjagun onílẹ̀ Amẹ́ríkà ń jù mọ́ ènìyàn lórí ni. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti fi orúkọ náà pe ohun ìjà olóró kan tí ń fò lọ sí ọ̀nà jíjìn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi jagun ní Iraq ní oṣù Kìíní ọdún 1991. Báwo ni orúkọ irinṣẹ́ igi gígé ṣe rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

Lẹ́nu àwọn Powhatan ti ilẹ̀ Virginia, tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí èdè Algonquian, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1607 ni wọ́n tẹ Jamestown dó. Ní ọdún 1612, John Smith tẹ ìwé jáde nípa Virginia, ó sì to díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ sínú rẹ̀. Ó pe tomahacks ní àáké. Àwọn onímọ̀ èdè fi hàn pé 'gé' ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó wà nídìí rẹ̀. Òkúta tí a lọ̀ títí ó fi mú, tí a sì so mọ́ igi, ni wọ́n fi ń ṣe irú àáké bẹ́ẹ̀ kí Òyìnbó tó dé. Ẹni tí ó bá ti rí ẹdùn àrá lójúbọ Ṣàngó ti mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí, nítorí àáké òkúta àwọn ará ìgbàanì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ẹdùn àrá. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí Thurstan Shaw hú jáde ní Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́ ní ọdún 1965.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ọ̀rọ̀ irin. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn baba wa ti ń yọ́ irin láti inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí ọkọ̀ Òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun. Àwọn onílẹ̀ ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà Àríwá mọ bí a ṣe ń lu bàbà tí ó wà ní agbègbè adágún Superior, ṣùgbọ́n wọn kì í yọ́ irin. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, ọ̀pá irin lásán ni àwọn oníṣòwò ń kó wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí alágbẹ̀dẹ wa yóò sì fi rọ ohun tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n àáké tí a ti rọ tán ni Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Họ́láàndì ń kó lọ fún àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà láti fi gba awọ ẹranko. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àáké bá ya lẹ́nu tàbí tí ó ṣẹ́, ta ni yóò tún un rọ? Ìdí nìyí tí ìlérí alágbẹ̀dẹ fi wà nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn tí ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn onílẹ̀ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún: wọ́n ń fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, a sì ń ṣèlérí ẹni tí yóò máa bá wọn tún irinṣẹ́ wọn ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ kò ṣòro. Alágbẹ̀dẹ yóò ká irin pẹlẹbẹ yípo ọ̀pá kan kí ihò lè wà fún igi, yóò jó ẹnu méjèèjì pọ̀ nínú iná, yóò sì ki irin líle sí ojú rẹ̀ kí ó lè mú. Nínú àáké ìbílẹ̀ tiwa, irin ni a ń kì bọ inú igi. Nínú tomahawk, igi ni a ń kì bọ inú irin. Láti òkè ni igi náà ti ń wọlé, orí rẹ̀ sì tóbi ju ìdí lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí irin ń le mọ́ ọn sí i bí a bá ti ń fì í. Bí igi bá ṣẹ́ nínú igbó, olówó rẹ̀ lè gbẹ́ òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Orí rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí ìdajì kílógíráàmù lọ, nígbà tí àáké tí a fi ń gé igi ńlá lè tó ìlọ́po mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Igi ìdáná, èèkàn àgọ́, ẹ̀ka tí ó dí ọ̀nà, egungun ẹran ìgbẹ́: gbogbo rẹ̀ ni ó ń gé, kò sì ni ẹni tí ó fi há ìgbànú lára.

Ẹ jẹ́ kí á wo Fort Mandan, ní etí odò Missouri, níbi tí Meriwether Lewis àti William Clark ti lo ìgbà òtútù ọdún 1804 sí 1805. (York, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ẹrú Clark, wà láàrin wọn.) Oúnjẹ ń tán lọ, àgbàdo sì wà lọ́wọ́ àwọn Mandan àti Hidatsa. Alágbẹ̀dẹ ni ó yọ wọ́n. John Shields àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rọ àáké ogun, wọ́n sì ń fi gba àgbàdo. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, Lewis ya àáké náà sínú ìwé ìrántí rẹ̀, ó sì bù ú kù: ojú rẹ̀ gùn jù, igi rẹ̀ kúrú jù, ọ̀tá lè tètè yẹ̀ ẹ́, kò sì lè dunni púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì rọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ó kọ ọ́ pé òun jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ta nínú páànù irin kan tí iná ti jẹ tán. Ègé kọ̀ọ̀kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó íǹṣì 4 lọ́nà méjèèjì gba gálọ́ọ̀nù àgbàdo 7 sí 8. Lójú tèmi, Hidatsa ni ó mọ ohun tí òun ń rà. Àáké yẹn jẹ́ àmì ipò jagunjagun bí ó ti jẹ́ ohun ìjà, Lewis sì ń fi ojú ológun nìkan wọ̀n ọ́n.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà kò fi tomahawk sílẹ̀ fún onílẹ̀ nìkan. Nínú ìlànà tí Robert Rogers ṣe fún àwọn Ranger rẹ̀ ní ọdún 1757, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá sí ìpè ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìbọn, ọta 60 àti àáké kékeré. Ní oṣù Keje ọdún 1775, ìgbìmọ̀ àwọn ìlú amúnisìn tí ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà dámọ̀ràn pé kí ọmọ ogun ìlú kọ̀ọ̀kan ní idà tàbí tomahawk. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ìbọn ìgbà náà ń pẹ́ kí a tó kì í. Bí ọ̀tá bá ti súnmọ́, àáké ni ó kù. Jíjù tí sinimá ń fi hàn wá jẹ́ eré ìdárayá ju ọgbọ́n ogun lọ, nítorí ẹni tí ó bá ju ohun ìjà rẹ̀ tí kò bá ọ̀tá ti fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni irú kan tún ti wà tí ó ní ìkòkò tábà lẹ́yìn orí, tí a sì lu igi rẹ̀ já láti máa fi fa èéfín. Ẹnu kan fún ogun, ẹnu kejì fún ìpàdé àlàáfíà. Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ̀rọ̀ nípa rírì àáké mọ́lẹ̀. Ìtàn àwọn Haudenosaunee sọ pé nígbà tí àwọn ẹ̀yà márùn-ún parí ìjà, wọ́n kó ohun ìjà wọn sábẹ́ gbòǹgbò igi kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 'wọ́n ri àáké mọ́lẹ̀' nínú Yorùbá, òǹkàwé yóò bèèrè ibi tí oko wà. Àáké tiwa nínú àkànlò èdè ni ti ẹni tí ó fàáké kọ́rí, ti olórí kunkun ni, kò sì ní ohun tí ó kan àlàáfíà. 'Wọ́n parí ìjà' tó, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ìtàn Haudenosaunee gan-an ni à ń sọ; nígbà náà ni kí á sọ nípa igi náà.

Láàrin ọdún 1966 sí 1970, Peter LaGana, ọmọ ogun àtijọ́ kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Mohawk lára, ṣe tomahawk tuntun tí ó ta fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Vietnam. Iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró, ó sì tún sọjí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ní Afghanistan àti Iraq, ìṣó mímú ti wà níbi tí ìkòkò tábà wà tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun sì ń fi já ìlẹ̀kùn àti àgádágodo, wọ́n ń fi fọ́ fèrèsé. Àwọn ará ìlú náà ń rà á fún ìdáàbòbò ara àti fún ìrìn inú igbó. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n rà ni kò tíì gé ju igi ìdáná àti èèkàn àgọ́ lọ.